Ìbéèrè Kan Tí Káàdì Ilé Ìwòsàn Kò Bèèrè

N kò wá wàásù fún ẹni tí ń mu sìgá. Àwọn baba wa fa ìkòkò tábà, àwọn ìyá wa lo áásà, ó sì ṣeé ṣe kí páálí sìgá wà nínú àpò agbádá kan níhìn-ín. Ilé ìwòsàn ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Ọdún mẹ́sàn-án ni àbúrò baba mi kan fi lọ gba ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru ní ilé ìwòsàn kan. Nígbà tí ó kú, mo ka káàdì rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìfúnpá rẹ̀ wà níbẹ̀, ìwọ̀n ara rẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí a gbé kọ ọ́ pé ọkùnrin yìí ń mu sìgá, bẹ́ẹ̀ ni ó sì mu ún títí di ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn. N kò dá nọ́ọ̀sì lẹ́bi; káàdì náà kò ní àyè fún ìbéèrè náà.

Ìwádìí ọdún 2012 fi hàn pé àgbàlagbà bíi mílíọ̀nù 4.5 ní ń lo tábà ní Nàìjíríà. Ní 2005 ni ìjọba wa ti fi òǹtẹ̀ lu àdéhùn àgbáyé lórí tábà, tí abala kẹrìnlá rẹ̀ sọ pé kí a ran ẹni tí ó fẹ́ jáwọ́ lọ́wọ́. Ní 2024 Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìlànà ìtọ́jú jáde: kí gbogbo òṣìṣẹ́ ìlera máa fún aláìsàn tí ń lo tábà ní ìmọ̀ràn ìṣẹ́jú ààbọ̀ sí ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí a sì máa fi oògùn tì í lẹ́yìn.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é? Kíkà ni. Nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn, mélòó ni a bi? Mélòó ni a gbà nímọ̀ràn? Mélòó ni ó bọ́ lọ́wọ́ sìgá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà? Ìbéèrè kẹta yìí ni ó ṣòro jù, nítorí ẹni tí kò padà wá, a kò gbọdọ̀ kà á mọ́ àwọn tí ó jáwọ́. Ní ilé ẹ̀kọ́ wa, ọmọ tí kò wá ní ọjọ́ ìdánwò kò yege. Ìtìjú sì lè mú kí àgbàlagbà purọ́ fún dókítà. Nítorí náà ni àwọn ilé ìwòsàn kan fi ń mú kí ènìyàn fẹ́ èémí sínú ẹ̀rọ tí ń wọn gáàsì èéfín.

Ẹ jẹ́ kí a yan ènìyàn mẹ́ta lónìí, kí wọ́n lọ bẹ àwọn olórí ilé ìwòsàn kékeré tí ó wà ládùúgbò wa, kí wọ́n fi ìlà kan kún káàdì. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kí wọ́n wá ka iye rẹ̀ fún wa níhìn-ín.