Àwa Mẹ́rin Lójú Omi: Ọ̀rọ̀ Tí A Sọ Níbi Àjọyọ̀ Ọdún Kẹwàá Ẹgbẹ́ Wa

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá ẹ̀mí wa sí.

Ìgbìmọ̀ tó ṣètò ọjọ́ òní ní kí àwa mẹ́rin tí a wa ọkọ̀ ojú omi lọ sí gúúsù nínú oṣù Kejìlá ọdún kẹfà ẹgbẹ́ wá sọ ohun tí ojú wa rí. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀, pàápàá apá tí ẹ fi ń ṣe wá ní yẹ̀yẹ́. Lónìí a fẹ́ sọ ọ́ tán, títí kan ibi tí a kì í fẹ́ sọ.

Ẹ ó rántí pé nígbà tí Igbákejì Alága wa fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ó ra ọkọ̀ ojú omi àlòkù kan, ẹsẹ̀ bàtà 34 ní gígùn, ẹ́ńjìnnì dísùù kan ṣoṣo. Ẹ pariwo lé e lórí nípàdé ọjọ́ náà pé kí ló fẹ́ fi í ṣe. Eékún rẹ̀ kò fẹ́ òtútù Maryland mọ́, ó sì ń kó lọ sí Florida. Owó tí wọ́n dá lé e láti fi tírélà gbé ọkọ̀ náà lọ pọ̀ ju ohun tí apá rẹ̀ ká lọ. Ó wá ní, "Ọ̀nà omi wà. Ta ni yóò bá mi lọ?" Akápò wa dìde, Akọ̀wé dìde, Alukoro náà dìde. Alukoro nìkan ni a lè sọ pé ó mọ omi nínú àwa mẹ́ta, torí pé Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí i sí, bàbá rẹ̀ sì fi ọkọ̀ ojú omi jẹun.

Ọ̀nà tí à ń sọ yìí ni wọ́n ń pè ní Intracoastal Waterway. Kì í ṣe odò kan ṣoṣo. Odò wà níbẹ̀, ọ̀sà wà níbẹ̀, ibòmíràn sì jẹ́ ipa omi tí wọ́n gbẹ́, tí wọ́n fi so àwọn ìyókù pọ̀, kí ọkọ̀ lè máa lọ lẹ́bàá òkun láì bọ́ sójú agbami. Norfolk, ní ìpínlẹ̀ Virginia, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka máìlì. Láti ibẹ̀ dé Miami tó nǹkan bí máìlì 1,090. St. Augustine tí à ń lọ wà ní nǹkan bí máìlì 778. Ẹni tó bá dàgbà ní etí ọ̀sà yóò mọ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ọ̀sà tó gba Ẹ̀pẹ́ àti Èjìnrìn lọ sí Èkó, tó tún gba Àgbádárìgì lọ sí Àjàṣẹ́, irú rẹ̀ náà ni. Kí ọ̀nà mọ́tò tó dé, ọkọ̀ ojú omi ló ń kó ẹrù ọjà Èjìnrìn lọ sí Èkó.

Ọ̀nà méjì ló jáde ní Norfolk. Ọ̀kan gba inú irà ńlá kan, Dismal Swamp, tí wọ́n ṣí ipa omi rẹ̀ ní 1805. Àwọn ẹrú, ọmọ Áfíríkà bíi tiwa, ló fi ọkọ́ àti ṣọ́bìrì gbẹ́ ẹ nínú irà yẹn. Èkejì gba Great Bridge, ọdún 1859 ni wọ́n ṣí i. Òun ni a gbà. Ilẹ̀kùn omi kan wà níbẹ̀ tí ọkọ̀ máa ń wọ̀, wọn a tì í mọ́ ọn, wọn a mú omi gòkè tàbí kí wọ́n mú un wálẹ̀ títí yóò fi bá ti ìwájú dọ́gba, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn kejì. Alukoro ní ọ̀rọ̀ náà yé òun: ẹni tó bá fẹ́ kọjá gbọ́dọ̀ dúró kí omi méjèèjì dọ́gba. Ká ní a ti fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn ni!

Ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá la gbéra. Àwọn tó ń lọ sí gúúsù lọ́dọọdún máa ń tètè lọ, nínú oṣù Kẹwàá tàbí Kọkànlá, kí òtútù tó le. Àwa pẹ́, torí ẹ́ńjìnnì tí à ń tún ṣe. Ọjọ́ kúrú nígbà yẹn, ìmọ́lẹ̀ kò ju nǹkan bíi wákàtí mẹ́wàá lọ, a kò sì gbọ́dọ̀ rìn lóru, torí igi tó léfòó àti okùn àwọn apẹja akàn tí ojú kò ní rí. Ọkọ̀ wa kò sáré ju máìlì méje ní wákàtí kan lọ. Nítorí náà, bí a bá rin àádọ́ta máìlì lóòjọ́, a ti ṣe akin.

Iṣẹ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ojú kò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́nà. Bí a bá ń lọ sí gúúsù, àmì pupa ni kí ó wà lápá ọ̀tún, àmì àwọ̀ ewé lápá òsì. Àmì kékeré aláwọ̀ ìyeyè tó wà lára wọn ló ń fi hàn pé a kò tí ì ṣìnà. Níbi tí afárá bá ti kúrú, a ó fi rédíò bẹ ẹni tó ń ṣọ́ ọ pé kó ṣí i. "Captain" ni wọ́n ń pe ẹnikẹ́ni tó bá di rédíò mú. Láti ọjọ́ tí Akápò ti gbọ́ ọ, kò jẹ́ kí ẹlòmíràn di rédíò mú mọ́.

Òtútù ni ọ̀tá wa àkọ́kọ́. Bí a bá wọ èbúté, a ó so ọkọ̀ mọ́ iná mànàmáná wọn, ẹ̀rọ amúlégbóná yóò máa ṣiṣẹ́, a ó sì sùn bí ọba. Bí a bá ju ìdákọ̀ró sójú omi lásán, kò sí iná. Nítorí irú òru bẹ́ẹ̀ la ṣe ra sítóòfù gáàsì kékeré kan tí àwọn ọdẹ ń lò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sítóòfù yẹn sọ́kàn.

Ìyàwó Igbákejì Alága ló di oúnjẹ fún wa: gààrí, ọbẹ̀ inú ìkòkò mẹ́ta, àkàrà tí a jẹ tán kí a tó kúrò ní Virginia. Ní ìsàlẹ̀ àpò náà, ó fi nǹkan funfun kékeré kan sí i, aláàmù tí ń dún bí afẹ́fẹ́ olóró tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide bá wà nínú yàrá. A rẹ́rìn-ín. A ní, "Màdámù, ojú omi là ń lọ, afẹ́fẹ́ wo ló tún kù?" Ó ní, "Ẹ gbé e kọ́, ẹ má bá mi jiyàn." A gbé e kọ́ nítorí kó má baà bínú.

Ní ọjọ́ kejì a dé Coinjock, ní North Carolina. Iwájú ibẹ̀ ni Albemarle Sound, omi tó fẹ̀, tí kò sì jìn. Omi tí kò jìn lewu bí afẹ́fẹ́ bá dé, torí ìgbì rẹ̀ máa ń kúrú, á ga, á sì máa tẹ̀ lé ara wọn bí ẹni ń lu ìlù. Afẹ́fẹ́ àríwá ń fẹ́. Ọjọ́ méjì gbáko la fi dúró. Akápò kò fẹ́ dúró. Ọmọbìnrin rẹ̀ ní mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ní Maryland ní ọjọ́ kẹtàlélógún, ó sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú ọjọ́ kọkànlélógún láti Jacksonville. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò burú. Bàbá ọmọ kì í pẹ́ dé irú ibẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni ọjọ́ orí kàlẹ́ńdà ti ń bá wa wa ọkọ̀.

Nígbà tí afẹ́fẹ́ rọlẹ̀, a kọjá. A rí ẹyẹ swan funfun lọ́pọ̀ yanturu, àwọn náà sá òtútù àríwá wá. A kọjá Beaufort ti North Carolina, a gba odò Waccamaw tí igi dúdú yí ká, a dé Charleston, a sinmi níbẹ̀ fún ọjọ́ kan. Ní Beaufort ti South Carolina, a háyà mọ́tò lọ sí Ọ̀yọ́túnjí, ìlú kékeré tí Ọba Oseijeman Adefunmi tẹ̀ dó ní 1970. Ọmọ Amẹ́ríkà ni, Detroit ni wọ́n bí i sí. Nígbà tí àwọn tí kò gbé ilẹ̀ wa rí kí wa ní "Ẹ káàbọ̀", omi bọ́ lójú Akọ̀wé. Ó ní àwọn ọmọ òun nílé kì í kí òun bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà la wọ Georgia. Níbẹ̀, omi máa ń kún, ó sì máa ń fà, ìyàtọ̀ rẹ̀ a tó ẹsẹ̀ bàtà méje tàbí mẹ́jọ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ibi tí ọkọ̀ ti léfòó láàárọ̀, ẹrẹ̀ ni yóò jẹ́ lọ́sàn-án. Ọjọ́ kejìdínlógún, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, a dé Little Mud River, tí gbogbo awakọ̀ mọ̀ pé omi rẹ̀ kò tó nǹkan. Omi ń fà. Igbákejì Alága ní kí a ju ìdákọ̀ró, kí a sùn, kí a gbà á láàárọ̀.

Akápò ní, "Bí a bá sùn níhìn-ín, ọkọ̀ òfurufú yóò fò fi mí sílẹ̀."

Ọ̀gákọ̀ wa ní, "Omi ń fà o."

"A ó rọra gbà á."

Kì í ṣe Akápò nìkan ló jẹ̀bi. Àwa mẹ́ta yòókù kò sọ pé rárá. A wọ̀ ọ́. Kò tó ogún ìṣẹ́jú, ìdí ọkọ̀ gbá ẹrẹ̀, ó dúró gbagidi. Omi ṣì ní nǹkan bíi wákàtí méjì láti fà. Bí ó ti ń lọ, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dagun sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìkòkò ọbẹ̀ tó kù sì dà sílẹ̀. Ilẹ̀ ṣú. Òtútù bo gbogbo wa. A ti fèrèsé, a tilẹ̀kùn, a tan sítóòfù gáàsì.

Ó dùn mọ́ wa. Akọ̀wé sùn lọ. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wa, a rò pé ìbínú ni. Alukoro ní èébì ń gbé òun, a ní torí pé ọkọ̀ dagun ni. Ìgbà náà ni nǹkan funfun yẹn ké. Ẹ má bínú, ohun tí a kọ́kọ́ rò ni pé kí a yọ bátìrì rẹ̀ kúrò. Igbákejì Alága ló rántí ohùn ìyàwó rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣílẹ̀kùn!" A ṣí i, a pa sítóòfù. A pe Akọ̀wé, kò dáhùn. A gbá a létí, kò dáhùn. Àwa mẹ́ta tí ọkùnrin kan nínú wa kò lè tẹ eékún la wọ́ ọ jáde lórí ọkọ̀ tó dagun, a tẹ́ ẹ sínú òtútù tí à ń sá fún. A ń pe orúkọ rẹ̀, a ń pe oríkì rẹ̀. Akápò di rédíò mú, ó pe ìkànnì 16. Kò rántí pé captain lòun mọ́, ó kàn ń sọ pé, "Ọ̀rẹ́ wa ń kú lọ."

Akọ̀wé mí kanlẹ̀, ó sì béèrè pé ta ló da omi sí òun lójú. Kò sẹ́ni tó da omi. Omijé Akápò ni.

Omi kún padà, ọkọ̀ léfòó, àwọn olùgbàlà sì fi ọkọ̀ tiwọn gbé Akọ̀wé lọ sí ilé ìwòsàn. Akápò bá a lọ. Ó jókòó tì í fún ọjọ́ méjì, ọkọ̀ òfurufú sì fò. Nígbà tí ẹ gbọ́ nílé, ọmọ ẹgbẹ́ méjì gbé mọ́tò láti Maryland, wọ́n wà á fún nǹkan bíi wákàtí mọ́kànlá wá sí Georgia, wọ́n kó àwọn méjèèjì, wọ́n sì yí padà. Akápò wọlé lálẹ́ ọjọ́ kejìlélógún. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbi mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ yẹn, ìdí nìyẹn tí bàbá ìyàwó fi sùn lórí àga.

Àwa méjì tó kù wa ọkọ̀ lọ. A kọjá lẹ́bàá erékùṣù St. Simons láàárọ̀. Níbẹ̀, ní 1803, àwọn Ìgbò tí wọ́n kó lẹ́rú wá yàn láti rìn wọ inú omi ju kí wọ́n sìnrú lọ. A pa ẹ́ńjìnnì díẹ̀, a dákẹ́. Ó kù ọ̀la kí ọdún Kérésì pé, a dé St. Augustine.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. A kọ́ ọ nínú ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn nìkan la bá wá. Afẹ́fẹ́ olóró yẹn kò ní òórùn, ojú kò sì rí i. Orí fífọ́, èébì àti oorun ló fi ń wọlé. Òun náà ló ń jáde lára jẹnẹrétọ̀ tí a ń fi ránṣẹ́ sílé, tí àwọn ará wa ń gbé sí fàráńdà, tàbí sí ẹnu ọ̀nà, nítorí olè. Ẹ ti gbọ́ nípa ìdílé tó sùn tí kò jí. Sítóòfù wa àti jẹnẹrétọ̀ wọn, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Ìdí nìyí tí àwa mẹ́rin fi ń bẹ ẹgbẹ́ lọ́jọ́ òní: kí ilé ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ra aláàmù yìí, kí olúkúlùkù fi ọ̀kan ránṣẹ́ sílé, kí ó sì fi fóònù pe àwọn ará ilé pé kí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Kò tó owó aṣọ ẹbí tí a wọ̀ wá síbí. Akápò ti ní òun kò ní béèrè rìsíìtì.

Ìyàwó Igbákejì Alága, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde kí wọ́n rí yín. Akọ̀wé wa náà wà níjókòó. Òun ló kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún wa. Ọdún mẹ́wàá mìíràn, gbogbo wa ni a ó jọ kà á.