Ọ̀nà Kan Ò Wọjà
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé àjọyọ̀ ẹgbẹ́ wa ní Ìkòròdú)

  

Iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni mo ń ṣe, n ò ní fi ọ̀rọ̀ gígùn dá yín dúró. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá: kí ni ọmọ tó bá jáde ní ilé-ìwé lónìí lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe?

Ìbéèrè yìí ti pẹ́. Nígbà tí ètò 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982, wọ́n mú Intro Tech wọ kíláàsì kékeré, wọ́n sì ra ẹ̀rọ láti òkè òkun. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, inú àpótí ni ẹ̀rọ náà jókòó sí, torí kò síná, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Ní 2011, ìjọba àpapọ̀ tún kó iṣẹ́ 34 kalẹ̀ fún kíláàsì àgbà, pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan, ó kéré tán. WAEC bẹ̀rẹ̀ ìdánwò wọn ní 2014. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé sá mú èyí tí kò béèrè irinṣẹ́. A rí ọmọ tó kọ́ Data Processing lójú pátákó, tó páàsì, tí kò sì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí.

Ní 2025, wọ́n dín 34 náà kù sí 6: títo iná sólà àti títún un ṣe, aṣọ rírán, ọ̀sìn ẹran, ìṣaralóge, títún kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣe, àti ọ̀gbìn. Mẹ́fà tí a bá fọwọ́ kàn sàn ju 34 inú ìwé lọ.

Mo mọ ohun tí òbí kan á sọ: “Ṣé torí kọ́mọ mi lè di télọ̀ ni mo ṣe ń sanwó ilé-ìwé ni?” Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo iná sólà nìkan. Ilé kan ní gílóòbù 10, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 10 watts, wọ́n ń tàn fún wákàtí 6. Ìyẹn 600. Fáànù kan tó jẹ́ 60 watts ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 10. Ìyẹn 600 mìíràn. Àpapọ̀ jẹ́ 1,200. Bátìrì 12 volts, 100 Ah, 1,200 náà ni. Ọmọ tó mọ ìṣirò nìkan á ní ọ̀kan ti tó. Èyí tó mọ Physics á ní rárá o, bátìrì olómi kì í pẹ́ bí a bá ń lò ó kọjá ìdajì, ẹ ra méjì. Èyí tó mọ Commerce á ṣírò owó ọjà, owó ọkọ̀ àti èrè. Èyí tó mọ èdè á kọ àdéhùn sílẹ̀, á sì ṣàlàyé fún màmá oníbàárà, láìbú wọn, ìdí tí wọn ò fi gbọ́dọ̀ ki áyọ́ọ̀nù bọ iná náà.

Ṣé ẹ rí i? Iṣẹ́ kan, ẹ̀kọ́ mẹ́rin. Ọmọ tó máa di dókítà tàbí lọ́yà náà á ra bátìrì, á kọ́lé, á gba òṣìṣẹ́. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ rárá ni wọ́n ń rẹ́ jẹ.

Àwọn bàbá wa mọ èyí. Ọmọ iṣẹ́ kì í kọ́ abẹ́rẹ́ nìkan kó tó ṣe fúrídọ̀ọ̀mù. Ó ń kọ́ bí a ṣe ń dá owó lé ọjà, bí a ṣe ń pa àdéhùn mọ́, bí a ṣe ń gba oníbàárà lálejò. Táì Ṣólàrín náà mọ̀ ọ́n. Ní Mayflower tó dá sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, lẹ́yìn Ṣàgámù níbí, ìwé àti oko jọ ń rìn ni.

Kí wá ni tiwa? Gbogbo ọdún la ń kun ilé, tí a ń tún géètì ṣe. Ó dáa. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká ṣe mẹ́ta yìí. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ lọ́wọ́ nínú wa, kó yọ̀ǹda ọjọ́ kan ní táàmù kọ̀ọ̀kan fún àwọn ọmọ wọ̀nyí. Owó tí a bá fi ra irinṣẹ́, ká fi owó àtúnṣe tì í, kó má di ti inú àpótí mọ́. Ẹ̀kẹta, nílé wa, ká dẹ́kun pípe iṣẹ́ ọwọ́ ní iṣẹ́ olódo.

Ọ̀nà kan ò wọjà. Ìwé jẹ́ ọ̀nà kan. Ẹ jẹ́ ká la èkejì fún àwọn àbúrò wa, kí wọ́n lè gba èyí tó bá yá wọn.  Ẹgbẹ́ wa ò ní tú o.