Ta Ló Lè Sá Mọ́ Ọlọ́run Lọ́wọ́?



Ọlọ́run rán Jónà, tí àwọn Mùsùlùmí ń pè ní Yunus, sí Nínéfè. Ó kọ̀, ó sanwó ọkọ̀ ní Jópà, ó forí lé Táṣíṣì. Ìjì dé, wọ́n jù ú sókun, ẹja ńlá gbé e mì. Lẹ́yìn ọjọ́ 3, ẹja pọ̀ ọ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni Ọlọ́run tún rán an. Owó ọkọ̀ ṣòfò, iṣẹ́ kò yí padà.

Ní Kánò tàbí Gánà, ojú ará ilé lè má tó wa. Ti Ọlọ́run tó wa. Ẹni tó pa ìyá tì, tó sá fún gbèsè tàbí fún ọmọ, kó tètè tún un ṣe. Inú ẹja ni Jónà ti rántí àdúrà. Kí tiwa má pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.