Ìròyìn Ogun: Ta Ló Ń Sọ Ọ́?



Ní Ìgbẹ́sà níbi tí mo ti ń kọ́ni, ọmọ kan bi mí pé: "Tíṣà, bí ìròyìn bá ní àwọn kan ń ṣẹ́gun, ṣé ká gbà á?" Ogun Bọ́mà ni mo fi dá a lóhùn.

Ní ọdún 1943, wọ́n kó àwọn ọmọ ogun wa láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí ìhà ibẹ̀ láti bá àwọn ará Japan jà. Àwọn tó wà nílé kò fojú rí ogun náà. Asọ̀rọ̀mágbèsì, tó ti dé Èkó láti 1935, ń sọ tí Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn aláṣẹ sì ń yẹ ìwé ìròyìn wò.

Ní oṣù kẹta ọdún 1944, àwọn ará Japan yọ sí ẹgbẹ́ olùtọ́jú aláìsàn kan lójijì létí odò Kaladan. Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹmùrè-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, wà láàrin wọn. Ìbọn fọ́ egungun ẹsẹ̀ rẹ̀. Nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án ni àwọn ará abúlé fi ń bọ́ ọ, tí wọ́n ń fi í pamọ́. Ọdún 1999 ni ìtàn tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ tó di ìwé. Ẹ wo bí ó ti pẹ́ tó!

Ọ̀tá pàápàá ń parọ́. Ní Midway, ní oṣù kẹfà ọdún 1942, ọkọ̀ ojú omi ńlá mẹ́rin tó ń gbé ọkọ̀ òfurufú ni Japan pàdánù. Ìṣẹ́gun ni ìjọba wọn kéde fún ará ilé.

Lónìí, inú fóònù ni ogun òkèèrè ti ń bá wa. Bí ẹ bá gbọ́ ìròyìn, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Ta ló ń sọ̀rọ̀? Ṣé ó débẹ̀? Ta ni kò dárúkọ? Kí ẹ sì ṣí máàpù: bí wọ́n bá ń ṣẹ́gun lójoojúmọ́, kí ló dé tí orúkọ ìlú tí wọ́n ń dá ń sún mọ́ ilé wọn?

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ó dàbọ̀ o.