Bátìrì lithium: Ìdí tí ṣájà tó dára fún 'bátìrì 48 volt' kan fi lè ba òmíràn jẹ́



Ní àdúgbò Dichemso, ní ìlú Kumasi lórílẹ̀-èdè Ghana, kò sí ẹni tí wọ́n máa ṣẹ̀ṣẹ̀ túmọ̀ "dumsor" fún. Èdè Akan ni. Kí iná kú, kó tún tàn, ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2015, òṣèré Yvonne Nelson kó èèyàn jáde ní Accra láti fẹ̀hónú hàn lórí ọ̀rọ̀ náà. Ní Nàìjíríà, tí wọ́n bá ní "NEPA ti mú iná lọ", ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ìdí nìyí tí télọ̀, onídìrí àti ẹni tó ń ta omi tútù fi ń wá inverter àti bátìrì lithium. Bátìrì tuntun wọ́n, nítorí náà ọ̀pọ̀ ń ra sẹ́ẹ̀lì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á wá oníṣẹ́ iná tó máa tò ó pọ̀ fún wọn. Ní Kumasi tó ni Suame Magazine, níbi tí àwọn mẹkáníìkì ti ń sọ irin àlòkù di ohun èlò tuntun, ẹni tó lè tò ó kò wọ́n rárá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú ni lẹ́yìn tí wọ́n bá tò ó tán: ṣájà wo ni kí wọ́n rà, báwo ni wọ́n sì ṣe máa ṣètò BMS, ìyẹn pátákó kékeré tó ń ṣọ́ bátìrì náà? Àṣìṣe níbẹ̀ lè ba owó ńlá jẹ́. Ó sì lè jó ilé.

Orúkọ kan, bátìrì méjì

Lithium kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Ọdún 1991 ni ilé iṣẹ́ Sony kọ́kọ́ gbé bátìrì lithium-ion wá sí ọjà. Ní ọdún 1997, John Goodenough àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Texas gbé ìwádìí jáde lórí irú tí wọ́n fi irin àti phosphate ṣe, èyí tí ọjà mọ̀ sí LFP tàbí LiFePO4. Goodenough wà lára àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobel ti Kẹ́mísírì ní ọdún 2019 nítorí iṣẹ́ wọn lórí bátìrì lithium-ion.

Lónìí, LFP ló pọ̀ jù nínú bátìrì inverter ilé. NMC ló pọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ oníná. Sẹ́ẹ̀lì LFP kan máa kún ní 3.65 volt. Sẹ́ẹ̀lì NMC kan máa kún ní 4.2 volt.

Ẹ wá wo ibi tí wàhálà wà. Tí wọ́n bá so sẹ́ẹ̀lì LFP 16 tẹ̀léra wọn, "48 volt" ni ọjà máa pè é. Tí wọ́n bá so sẹ́ẹ̀lì NMC 13 tẹ̀léra wọn, "48 volt" náà ni. Ṣùgbọ́n LFP 16 máa kún ní 58.4 volt, NMC 13 sì máa kún ní 54.6 volt.

Tí ẹnì kan bá wá fi ṣájà 58.4 volt sí NMC 13, nǹkan bí 4.49 volt ló ń tì sínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Ewu iná nìyẹn. Tó bá fi ṣájà 54.6 volt sí LFP 16, nǹkan bí 3.41 volt ni sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan máa gbà. Èyí kò léwu, ṣùgbọ́n àwọn sẹ́ẹ̀lì náà kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ ráyè bá ara wọn dọ́gba.

Nítorí náà, ẹ má ra ṣájà nítorí ohun tí wọ́n kọ sí ara páálí. Ẹ béèrè irú sẹ́ẹ̀lì tó jẹ́, ẹ ka iye tí wọ́n so tẹ̀léra, kí ẹ sì fi iye volt tí sẹ́ẹ̀lì kan fi ń kún sọ ọ́ di púpọ̀.

Ṣájà bátìrì olómi, irú ti mọ́tò, kò yẹ fún lithium. Òmíràn nínú wọn máa ń ti iná tó ga jù sínú bátìrì láti sọ ọ́ jí. Ohun tó ń sọ bátìrì olómi jí lè pa lithium.

Ní ti agbára ṣájà, fún ọ̀pọ̀ bátìrì LFP 100Ah, amp 20 sí 50 tó. Ẹ wo ohun tí ẹni tó ṣe sẹ́ẹ̀lì náà kọ àti iye tí BMS lè gbà. Èyí tó kéré jù nínú méjèèjì ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ohun tí ṣájà kò lè rí

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí ṣájà àti BMS ṣe rí nìyẹn. Àpapọ̀ volt nìkan ni ṣájà mọ̀. BMS ló ń wo sẹ́ẹ̀lì lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àpẹẹrẹ kan rèé. Wọ́n ṣètò ṣájà sí 55.2 volt fún LFP 16, tó túmọ̀ sí 3.45 volt fún sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ká ní 15 nínú wọn wà ní 3.40, tí ọ̀kan ṣoṣo ti sá lọ sí 4.2. Ẹ ro ó pọ̀: 55.2 náà ni. Lójú ṣájà, kò sí ìṣòro. BMS nìkan ló lè rí ọ̀kan tó ń kú lọ náà, kó sì já iná kúrò.

Fún LFP, ètò tó bọ́gbọ́n mu ni kí BMS bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn sẹ́ẹ̀lì dọ́gba láti nǹkan bí 3.40 volt, tí ìyàtọ̀ àárín wọn bá ju 0.01 volt lọ. Kí ló dé tí kò fi ní bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn? Volt LFP kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà nígbà tí bátìrì wà ní àárín méjì. Ẹni tó bá ń mú wọn dọ́gba níbẹ̀ lè máa fa iná kúrò lára sẹ́ẹ̀lì tí kò jẹ̀bi.

Ó tún gba sùúrù. Tí sẹ́ẹ̀lì kan bá fi 5Ah ṣáájú àwọn tó kù, tí BMS sì ń fa amp 0.1 péré, wákàtí 50 ni iṣẹ́ náà. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ fi máa ń kọ́kọ́ so gbogbo sẹ́ẹ̀lì tuntun pọ̀, pósítífù mọ́ pósítífù, nẹ́gátífù mọ́ nẹ́gátífù, tí wọ́n á sì rọra gba iná sí wọn ní 3.65 volt títí gbogbo wọn á fi kún bákan náà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á tó tò wọ́n tẹ̀léra.

Ẹ má lé ọdẹ nítorí pé ó pariwo olè

Àṣìṣe tó burú jù ni èyí: BMS ń já iná kúrò kí bátìrì tó kún, onílé á ní BMS ti bàjẹ́, oníṣẹ́ á sì yọ ọ́ kúrò. Wọ́n ti lé ọdẹ lọ nìyẹn, olè ṣì wà nínú ọgbà.

Ohun tó yẹ ni kí wọ́n wọn sẹ́ẹ̀lì lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n dín amp ṣájà kù, kí wọ́n sì fún BMS láyè. Tí sẹ́ẹ̀lì kan bá ń yára kún ju gbogbo wọn lọ, tó tún ń yára tán jù, ó ti rẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Bátìrì tó bá wú, tó gbóná jù tàbí tó ń rùn, ẹ má gba iná sí i mọ́.

Ẹ má gba iná sí bátìrì sí ẹnu ọ̀nà àbájáde tàbí nígbà tí ẹ bá ń sùn. Ilé iṣẹ́ panápaná London ti kìlọ̀ léraléra nípa ṣájà tí kò bá bátìrì kẹ̀kẹ́ oníná mu. Ẹ̀yin tó wà níbi tí òtútù ti ń mú, ẹ má gba iná sí lithium tí ara rẹ̀ bá tutù ju òdo Celsius lọ.

Kí télọ̀ Dichemso tàbí ti Ìbàdàn tó sanwó, ìbéèrè méjì ni kó bi ẹni tó ń tà á: "Irú lithium wo nìyí? Sẹ́ẹ̀lì mélòó ni wọ́n so tẹ̀léra nínú rẹ̀?" Tí ẹni náà kò bá lè dáhùn, kí owó ṣì wà lápò.