Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù àti Owó Ìjọba Ìbílẹ̀

Ní Ìtagúnmódì ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Àtàkúnmọ́sà ló yẹ kó máa bójú tó ọjà àti ọ̀nà abúlé. Ní ọjọ́ 11, oṣù Keje, ọdún 2024, ìgbìmọ̀ adájọ́ méje nílé-ẹjọ́ tó ga jù l'Ábùjá pàṣẹ pé kí owó irú ìjọba bẹ́ẹ̀ máa lọ sápò rẹ̀ tààrà. Kò sí ilé-ẹjọ́ mìíràn tí ẹnikẹ́ni lè tún gbé ẹjọ́ náà lọ.

Àmọ́ adájọ́ kò ní ọlọ́pàá tirẹ̀.

Lóṣù Kejìlá ọdún 2004, ilé-ẹjọ́ kan náà ní Ààrẹ Ọbásanjọ́ kò láṣẹ láti dá owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó dúró. Síbẹ̀, Yar'Adua, tó gorí oyè lẹ́yìn rẹ̀ ní 2007, ló tú owó náà sílẹ̀. Ìyà ọdún wọ̀nyẹn, ará ìlú ló jẹ ẹ́! Ní 2025, owó ìjọba ìbílẹ̀ ti Ọ̀ṣun náà há, nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú APC àti PDP ń du ipò alága.