Ẹ Jẹ́ Kí Ilé Gbọ́: Ọ̀rọ̀ Ìdágbére fún Àwọn Tó Ń Jáde ní Họ́ọ̀lù Fájuyì

  

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo mọ̀ pé ọkàn ọ̀pọ̀ nínú yín ti kúrò níbí. Ẹrù ti wà nísàlẹ̀. Ẹlòmíì ti ta fáànù, ẹlòmíì ti fi síítóòfù sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì, awakọ̀ sì ti ń pè lórí fóònù pé òun ò lè dúró mọ́. N kò ní pẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ni mo gbé wá, ó sì kan ọkùnrin tí ẹ ti ń pe orúkọ rẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ ti wọlé, tí ẹ ń kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, tí ẹ ń sọ ọ́ fún awakọ̀ ní géètì ńlá, láìbéèrè ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 1926 ni wọ́n bí Adékúnlé Fájuyì ní Adó-Èkìtì. Ọmọ ìjọ Kátólíìkì ni, Francis ni orúkọ tí wọ́n fi ṣe ìsàmì fún un. Ó ṣe iṣẹ́ akọ̀wé díẹ̀ kí ó tó wọṣẹ́ ológun ní 1943, nígbà tí ogun àgbáyé kejì ṣì ń gbóná. Ẹ má rò pé ọ̀gá ló wọlé o. Sójà kékeré ló wọlé, ó sì wà níbẹ̀ pẹ́ kó tó di sájẹ́ǹtì. Ní 1951, àwọn ọmọ ogun tó wà lábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú rẹ̀ fẹ́ dìtẹ̀ nítorí oúnjẹ. Fájuyì wà lára àwọn tó pa iná náà kó tó ràn, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ British Empire Medal.

Ẹ lè máa rẹ́rìn-ín pé ìjà oúnjẹ lásán. Ẹni tó bá gbé bárékè rí kò ní rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó ti jí láàárọ̀ kùtù, tó ti sáré, tó ti ru ẹrù lójú òòrùn, bí ó bá gbé abọ́ dé iwájú ìkòkò, tí wọ́n wá bu ìdajì fún un, tó sì rí i pé ti ọ̀gá kún, ibi tí ìbọn wà ni ojú rẹ̀ máa kọ́kọ́ lọ. Sájẹ́ǹtì wà láàárín àwọn tí ebi ń pa àti àwọn tó ń pàṣẹ. Bí àwọn tó wà nísàlẹ̀ kò bá gbà á gbọ́, ariwo lásán ni yóò máa pa. Àwọn ènìyàn máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn Fájuyì láti òru tí wọ́n pa á. Èmi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láti ìdí ìkòkò yìí.

Ní 1954 wọ́n rán an lọ sí Eaton Hall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ló ti di ọ̀gá ológun. Ní 1961 ó wà ní Kóńgò pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà tó lọ bá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pẹ̀tù síjà. Àwọn ọ̀tá lúgọ de àwọn ọmọ ogun tó ń darí ní àríwá Katanga, ó sì kó wọn yọ. Military Cross ni wọ́n fi yẹ́ ẹ sí fún ìyẹn. Òun náà ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó darí bàtálíọ̀nù kìíní ní Enugu. Nígbà tí ìfipágbàjọba oṣù kìíní ọdún 1966 ṣẹlẹ̀, òun ni wọ́n fi ṣe gómìnà ológun fún Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, níbi tí èéfín wẹ́ẹ́tíẹ̀, ìjà òṣèlú tí wọ́n fi ń dáná sun ilé àti ènìyàn, kò tíì tán nílẹ̀. Oṣù mẹ́fà àti ọjọ́ díẹ̀ ni gbogbo àkókò tó lò lórí ipò náà.

Alẹ́ ọjọ́ 28 oṣù keje ọdún náà, olórí ìjọba, Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi, wà ní Ìbàdàn. Ó wá bá àwọn lọ́balọ́ba sọ̀rọ̀, ilé ìjọba tí Fájuyì ń gbé ló sì wọ̀ sí. Òru yẹn ni ọ̀tẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní bárékè Abẹ́òkúta. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, àwọn sójà ti yí ilé ká ní Ìbàdàn, Major T. Y. Danjuma ló ṣáájú wọn. Wọ́n kó àlejò, wọ́n kó onílé, wọ́n gbé àwọn méjèèjì gba ọ̀nà Ìwó, wọ́n sì pa wọ́n nínú igbó nítòsí Lálúpọn. Oṣù tó ṣáájú ni Fájuyì pé ọmọ 40 ọdún.

Àríyànjiyàn wà lórí òru náà di òní. Àwọn kan ní ó yàn láti bá àlejò rẹ̀ lọ. Àwọn kan ní àwọn sójà náà ti ní in sínú tẹ́lẹ̀, nítorí wọ́n fura pé ó mọ̀ nípa ti oṣù kìíní. Mo ti gbọ́ tọ̀tún, mo ti gbọ́ tòsì, n kò sì fẹ́ kí ẹ bá mi jà á lónìí. Kódà nínú ìtàn bí Danjuma fúnra rẹ̀ ṣe sọ ọ́, Fájuyì béèrè ìlérí lọ́wọ́ rẹ̀ pé wọn kò ní fọwọ́ kan àlejò òun. Ìlérí náà kò ṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: onílé tí wọ́n na ìbọn sí, ti ẹlòmíràn ló ń bẹ̀bẹ̀ fún. Èyí tó mi nìyẹn.

Ibi tí mo fẹ́ kí á dúró sí nìyí o. Ọkùnrin yìí ní ìyàwó, ó ní ọmọ. Bí oṣù keje bá ti ń parí lọ́dọọdún, ẹnu wa máa ń dùn: akọni, ọmọlúàbí, ẹni tó kú fún àlejò. Bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu wa rọrùn jù, nítorí kì í ṣe àwa la sanwó rẹ̀. Láti ọjọ́ 29 oṣù keje ni ìjọba ti dákẹ́. Ìpàdé Aburi tí àwọn olórí ológun ṣe ní Ghana ti parí, ó ti di àárín oṣù kìíní ọdún 1967, kí wọ́n tó kéde fún aráyé pé àwọn méjèèjì ti kú. Ìyàwó sójà tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́ sọ fún pé ọkọ rẹ̀ ti kú, aṣọ wo ni kó wọ̀? Ọ̀nà wo ni kó máa wò? Bí ọmọ bá béèrè bàbá lálẹ́, tí a dáhùn pé ó rìnrìn àjò, títí di ọjọ́ wo? Oṣù kìíní yẹn ni wọ́n tó gbé Fájuyì lọ sin ní Adó-Èkìtì. Oṣù náà gan-an ni ilé-ẹ̀kọ́ wa yìí kó kúrò ní Ìbàdàn wá sí Ilé-Ifẹ̀.

Ọmọ sójà ni èmi náà, ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí kì í fi í tán nínú mi nìyẹn. Nígbà tí wọ́n pe bàbá mi sí Làìbéríà pẹ̀lú ECOMOG, àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní 1990, alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí yóò lọ, ó pè wá jókòó nínú yàrá wa ní bárékè. Ìwé ẹ̀sáàsáìsì kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ka àwọn tó jẹ ẹ́ lówó, ó ka àwọn tí òun náà jẹ lówó. Iye tó jẹ ìyá onírẹsì ní máámì máàkẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀. Ó fi ibi tí ìwé ilẹ̀ wà han ìyá mi. Ó sọ iye tí òun ti ní kí wọ́n máa yọ nínú owó oṣù òun fún un, ó sì ní kí ó má ṣe jẹ́ kí akọ̀wé kankan fún un ní kọ́bọ̀ tó dín. Lẹ́yìn náà ló ṣí Bíbélì. A rò pé Sáàmù 91 ni, èyí tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì bárékè ti kà títí ó fi gbó. Sáàmù 15 ló kà, ibi tó ti sọ̀rọ̀ ẹni tí ìbúra rẹ̀ ń pa lára, síbẹ̀ tí kò yí ohùn padà.

Ìyá mi ní, "Bí ẹ ò bá wá padà dé ńkọ́?"

Bàbá mi ní, "Ohun tí mo ṣe ń kà á sí ọ létí nìyẹn."

Ìyá mi bínú sí i títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó sì dì í lẹ́rù. Mo rí i tó ń ká síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹni tí nǹkan ń dùn. Bàbá mi padà dé, ẹ má mikàn. Ó fẹ̀yìn tì, ó wọ ẹgbẹ́ akọrin, ohùn rẹ̀ kò dára, kò sì sẹ́ni tó láyà láti sọ fún un.

Láti ìgbà tí mo ti lóye ohun tó ṣe lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ti ń rò pé ìdajì ni ìlérí tí a bá ṣe fún ìta, tí ilé kò gbọ́. Bàbá mi ò búra fún ìjọba kó wá fi ẹ̀gún rẹ̀ pamọ́ fún ìyàwó. Ó jẹ́ kí ó mọ ohun tí òun ti fọwọ́ sí, kí ó lè bínú nígbà tí òun ṣì wà níbẹ̀ láti gba ìbínú náà.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ di àgùnbánirọ̀. Wọ́n á fi fèrè jí yín, ẹ ó wọ kákí, ìgbádùn díẹ̀ á sì wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹni méjì-mẹ́ta nínú yín ti ń wo fọ́ọ̀mù iṣẹ́ ológun gan-an. Ẹ má jẹ́ kí ìyá yín gbọ́ ọ lẹ́nu ará àdúgbò. Ìyókù yín kò ní gbé ìbọn, ṣùgbọ́n ẹ ó fọwọ́ síwèé. Ọ̀rẹ́ á ní kí ẹ wá ṣe onídùúró fún òun ní báǹkì. Ọ̀gá á gbé ìwé irọ́ síwájú yín, á ní ìlà kékeré kan ló kù. Mo fẹ́ kí ẹ kọ̀. Àmọ́ bí ẹ bá kọ̀, tí owó oṣù bá dúró, àbúrò yín tó wà níléèwé wà nínú ọ̀ràn náà, ẹni tí ẹ bá fẹ́ wà nínú rẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ tó débẹ̀, ẹ jókòó tì wọ́n. Ẹ sọ fún wọn pé iṣẹ́ tí mo ń ṣe rèé, ohun tó lè béèrè lọ́wọ́ mi rèé, èyí tí n kò ní ṣe rèé. Ẹni tí ẹ fẹ́ fi ṣaya tàbí ṣọkọ, ẹ sọ ọ́ fún un kí ẹ tó lọ sílé àna, kì í ṣe lẹ́yìn àpèjẹ. Bí ó bá sá, ó sá nígbà tó yẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sókè òkun, tí ẹ ti ṣèlérí fún ilé pé ẹ ó máa fowó ránṣẹ́ lóṣooṣù, ìyẹn náà ìbúra ni. Ẹ má ṣe sọ iye tí agbára yín ò ká.

Ẹ̀yin òbí, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Bí àwọn ọmọ yín bá wá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má fi "Ọlọ́run má jẹ̀ ẹ́" dí wọn lẹ́nu ní gbólóhùn àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán, kí ẹ tó ṣàdúrà.

Ọ̀gá pọ́tà ní kí n sọ fún yín pé kọ́kọ́rọ́ mẹ́rìnlá ṣì wà níta, àti pé mátíráàsì họ́ọ̀lù kò bá ẹnikẹ́ni jáde. Ẹ lọ dá wọn padà kí awakọ̀ yín tó bínú lọ. Kí Ọlọ́run ṣọ́ àlọ yín, kó ṣọ́ àbọ̀ yín. Ó dàbọ̀ o.